Ẹni Tó Ń Kà àti Ẹni Tí Wọ́n Ń Kà: Láti Oríkì Òkukù dé Ìwé Sẹ̀gilọlá

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; báyìí ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n oríkì yàtọ̀. Orúkọ ni òbí fi ń gba ọmọ sílé. Oríkì ńlá, ìṣe ẹni ló ń fà á wá. Nítorí náà, kí ìwé ìtàn-àròsọ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, a ti ní èdè tí a fi ń sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ga, ẹni tó ti ga, àti ẹni tí wọ́n gun ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó ga. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ ká tọ ipa èdè yìí láti ojú ọ̀nà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù dé ìlú Èkó, níbi tí wọ́n ti tẹ ìwé Sẹ̀gilọlá jáde ní ọdún 1930.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà yóò kọ́kọ́ kan Ìkìrun, yóò kan Ìnísà, kó tó dé Òkukù. Ọ̀nà náà kò gùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun Ìbàdàn tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú fìjà pẹẹ́ta pẹ̀lú ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkìrun. Nígbà tí àwọn ará Ìlọrin ń sá padà, ọ̀pọ̀ wọn já lu odò Ọ̀tìn, omi sì gbé wọn lọ. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀, Jálumi. Ní ìgbà wàhálà yìí, àwọn ará Òkukù kó kúrò nílé, wọ́n sá di Ìkìrun. Àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká ní Kírìjì títí di ọdún 1893.

Irú ayé bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọlá mọ sọ́dọ̀ ọmọ ọba nìkan. Jagunjagun, ọdẹ, babaláwo, àgbẹ̀ tó lápá, gbogbo wọn ló lè di ẹni ńlá bí wọ́n bá ti rí ènìyàn kó jọ. Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ìlọrin, tí kòkó sì wá di ọ̀nà owó, ọ̀nà míràn tún ṣí. Ẹni tí baba rẹ̀ kò gbajúmọ̀ lè fi oko kòkó gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó. Olówó tí kò ní ènìyàn, owó lásán ló ní. Ìyàwó, ọmọ, ẹbí, ọ̀rẹ́, ìwọ̀fà, àti ní ayé àtijọ́ ẹrú, àwọn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé baba kan ti tó baba. Ọ̀nà tí gbogbo ìlú sì fi ń gbọ́ ni oríkì.

Ní ọdún 1974, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Karin Barber, dé sí Òkukù láti kọ́ nípa oríkì, ó sì gbé láàárín wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1991. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin agbo ilé ni ó ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀, àwọn bíi Ṣàngówẹ̀mí, tí ohùn rẹ̀ kún inú ìwé náà. Nítorí ní Òkukù, àwọn obinrin ilé àti àwọn ọmọ-obìnrin ilé ló ń ki ènìyàn jù. Àwọn ló ń ki òkú níbi ìsìnkú, àwọn ló ń ki ẹni tó wà láàyè níbi ayẹyẹ, ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ náà yóò sì sun rárà ìyàwó kó tó jáde nílé baba rẹ̀.

Ẹ wo bí èdè oríkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ní ọkùnrin kan ra ẹṣin, ohun tó ṣe lẹ́ẹ̀kan ni a sọ. Bí a bá pè é ní ẹlẹ́ṣin, ohun tó jẹ́ ni a sọ. Ẹni tó kọ́ ilé lánàá di akọ́lé títí láé. Oríkì a máa sọ ìṣe di orúkọ. Ẹ̀wẹ̀, kì í tẹ̀ lé ọjọ́ àti oṣù. Kì í sọ fún wa pé báyìí ni baba yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, báyìí ni ìyà ṣe jẹ ẹ́, báyìí ni ó ṣe wá là. Bí ẹnu bá ti kan orúkọ rẹ̀, ó ti ga ná. Akígbe yóò pè é ní "ìwọ" bí ẹni pé ó dúró níwájú òun, bó tilẹ̀ ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Kì í ṣe ìyìn nìkan ló sì ń wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin ọ̀tá, àbùkù ara, àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè wọ inú oríkì, kó sì di ohun tí ọmọ ọmọ fi ń yangàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: nígbà tí oríkì bá ń ka ìyàwó, ọmọ àti ọmọlẹ́yìn baba kan, kí ni orúkọ àwọn tí wọ́n ń kà? Ìwọ̀fà tó kọ ebè, ẹrú tó ru ẹrù, wọ́n wà nínú iye, wọn kò sí nínú orúkọ. Àní obìnrin tó ń kì náà, ohùn rẹ̀ ló gbé ọkùnrin ga. Bí òun fúnra rẹ̀ bá là, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó ki òun náà bẹ́ẹ̀. Oríkì ilé baba rẹ̀ ni wọ́n máa fi yìn ín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkó. Láti oṣù keje ọdún 1929 ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí Isaac Babalọlá Thomas dá sílẹ̀ ní ọdún 1928, ti ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Ó ní òun ti fi ẹwà òun lo ayé ní ìlú Èkó, pé àìsàn àti ìṣẹ́ ti dá òun dùbúlẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Lẹ́tà náà ń jáde títí di oṣù kẹta ọdún 1930, wọ́n sì kó o pọ̀ di ìwé. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kan. Thomas olóòtú ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ lítíréṣọ̀ ló kà á sí ìtàn-àròsọ ọlọ́rọ̀ gùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ẹ wo orúkọ tí òǹkọ̀wé fún ẹ̀dá-ìtàn yìí. Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye. Sẹ̀gilọlá ni pé nínú ìlẹ̀kẹ̀ ni ọlá wà. Ó fi Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ lé e, ìyìn ojú tó ń fa ọkùnrin mọ́ra. Ó tún fi Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé kún un. Bí oríkì ni orúkọ yìí ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, èdè kan náà tí wọ́n fi ki àwọn baba Òkukù. Ipò rẹ̀ náà hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀: bó ti ń fa ọ̀rọ̀ Bíbélì àti orin ìsìn yọ ni ó ń kọ orin ìgboro Èkó, tó sì ń já Gẹ̀ẹ́sì bọ inú rẹ̀. A kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé ó kàwé, pé ó gbé láàárín àwọn ọ̀làjú, pé kò sì jìnnà sí ìgboro. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́. Ohun tí a ń pè ní ìfìwàwẹ̀dá nìyí.

Ìyàtọ̀ wá dé. Ọkùnrin tó ní ìyàwó púpọ̀ ní Òkukù, ìyìn ni. Obìnrin tó ní ẹgbẹ̀rún ọkọ ní Èkó, ẹ̀sín ni. Kíkà kan náà ni, ìdájọ́ ló yàtọ̀. Ìyàtọ̀ kejì ni pé oríkì kò ní òpin, ṣùgbọ́n ìtàn ní òpin. Inú oríkì, ẹlẹ́ṣin kò ní bọ́ sílẹ̀ láé. Inú ìtàn, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ẹwà ń ṣá, ẹni tó ń ka ọkọ lánàá ń ka sílè táánú lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn Sẹ̀gilọlá ṣe ń yí láti ìyangàn sí ẹ̀bẹ̀. Ìyípadà ohùn yìí dun àwọn òǹkàwé débi pé àwọn kan gbà pé òótọ́ ni, wọ́n sì fi owó ránṣẹ́ sí i.

Barber yìí kan náà ló tú ìwé Sẹ̀gilọlá sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2012. Bí a bá gbé iṣẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí nǹkan kan tó yẹ ká fi sọ́kàn. Ní Òkukù, ohùn obìnrin ni ó gbé ọkùnrin ga. Ní Èkó, ọkùnrin ni ó yá ohùn obìnrin, tó fi ìtìjú rẹ̀ han gbogbo ayé, tó sì fi ta ìwé ìròyìn. Èyí kò sọ ìwé náà di ìwé burúkú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kà á gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyí. Níbi àríyá wa, kí ni olórin ń ṣe nígbà tó bá ń pe orúkọ ẹni tó ń náwó? Ọ̀pọ̀ ló wà tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà nítorí Ọlọ́run; àwọn kan sì wà tí "Àlhájì" ti di oríkì fún, tí wọ́n ń bínú bí a bá gbàgbé láti fi í ṣáájú orúkọ wọn. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọ̀dọ́ fẹ́ di ẹni ńlá. Ẹni tí kò ní ìfẹ́ àtigòkè kò ní gòkè. Ọ̀rọ̀ wà nínú ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kà nígbà tí wọ́n bá ń kà wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ìkìrun, ọmọ Ìnísà, ọmọ Òkukù, bí ẹ bá délé, ẹ jókòó ti ìyá àgbà tó ṣì mọ oríkì ilé yín, kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní orúkọ àwọn tí oríkì náà kò dá: ìyàwó kẹta, ìwọ̀fà, ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ẹ bá sì gbé ìwé ìtàn-àròsọ, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi í. Ẹni tó bá lè bi ìwé ní ìbéèrè yìí ti ń kàwé ná, kò kàn ń ka lẹ́tà lásán.