Ọmú, Ọ̀bẹ àti Ẹni tó Ń Yàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́,

Jẹjẹrẹ mú àbúrò mi obìnrin ní ọmú òsì. Kí wọ́n tó gé e, dókítà to ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ fún un: kí wọ́n ki àpò sílíkónì sábẹ́ awọ àyà, kí wọ́n bu awọ àti ọ̀rá ikùn rẹ̀ fi mọ ọmú mìíràn, tàbí kí wọ́n fi àyà sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó pè mí: "Bọ̀dá, ẹ bá mi yàn án." Díẹ̀ ló kù kí n yàn án lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ìtàn ni mo lọ wò.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, William Halsted ní Baltimore sọ iṣẹ́ abẹ kan di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: ọmú, iṣan àyà, kókó abẹ́ abíyá, gbogbo ẹ̀ ló ń gé. Ní 1895, ní Heidelberg, Jámánì, Vincenz Czerny yọ kókó ọ̀rá kan lára obìnrin kan, ó fi dí àyè ọmú obìnrin náà tó gé. Nígbà tó di 1906, Iginio Tansini ní Ítálì kọ̀wé nípa bí a ṣe lè fi awọ àti iṣan ẹ̀yìn bo ojú ọgbẹ́. Àpò sílíkónì ńkọ́? 1962 ni, ní Houston, lọ́wọ́ Thomas Cronin àti Frank Gerow. Ti ikùn ló dé kẹ́yìn: Carl Hartrampf àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde ní 1982.

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní gbèsè tirẹ̀? Iṣẹ́ abẹ ti àpò kì í pẹ́ tó ti ikùn, ṣùgbọ́n àpò lè bẹ́, ara lè fún un pọ̀, a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ní 1992, ìjọba Amẹ́ríkà dín lílò sílíkónì kù gan-an. 2006 ni wọ́n tó tún ṣí i sílẹ̀. Ti ikùn máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ojú ọgbẹ́ á di méjì, ṣùgbọ́n ara ẹni ni, yóò máa bá ara dàgbà.

Ọ̀nà kẹta náà ní ìtàn. Wọ́n gé ọmú Audre Lorde, akéwì Amẹ́ríkà, ní 1978. Ó kọ̀ láti fi ọmú àtọwọ́dá bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1980, ó mẹ́nu kan àwọn jagunjagun obìnrin Dàhòmì. Ẹ̀gbá tó bá wọn jà ní Abẹ́òkúta ní 1851 mọ̀ pé wọn kì í ṣe eré.

Mo ròyìn gbogbo èyí fún àbúrò mi. Mo ń pe iṣẹ́ náà ní "àtúnṣe ọmú". Ó dá mi dúró: "Bọ̀dá, ohun tó bàjẹ́ la ń tún ṣe. Èmi ò bàjẹ́." Ẹ̀kọ́ èdè tí mo fi ogójì ọdún kọ́ yín, òun ló wá fi kọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, "àtúnmọ" ni mò ń pè é, bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò.

Ó ní kí wọ́n fi àyà òun sílẹ̀ pẹrẹsẹ ná. Dókítà sì ti sọ fún un pé bó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n ṣì lè mọ ọ́n. Èmi ìbá ti yan ti ikùn fún un. Mo dúpẹ́ pé n kò yàn.