Epo Igi Páìnì àti Ọ̀rọ̀ Ìwọ̀fà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, 1865 sí 1944

Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé bá ń sọ̀rọ̀ nípa epo igi páìnì, ìwúlò rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà sílẹ̀: pé ó ń pa kòkòrò àìfojúrí, pé ó ń yọ ọ̀rá kúrò, àti pé òórùn rẹ̀ dára. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni irú ipò tí àwọn tí ń gba oje igi náà wà, àti orúkọ tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ ìtàn ní èdè Yorùbá fún ipò náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò yára pè wọ́n ní ìwọ̀fà. Èrò tiwa ni pé orúkọ náà kò bá wọn mu.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ epo náà, nítorí pé mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀. Èkíní ni èyí tí a ń fi oru omi fà jáde lára ewé, tí àwọn ará Yúróòpù máa ń fà símú nígbà ọ̀fìnkìn tàbí kí wọ́n dà á sínú omi ìwẹ̀. Èkejì ni tọpẹntáìnì, tí a ń rí nígbà tí a bá se oje igi náà tí a sì gba oru rẹ̀. Òun ni àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà. Ẹ̀kẹta ni a ń fà jáde lára kùkùté. Èròjà tí a ń pè ní terpineol ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun ni ó sì fún un ní agbára apakòkòrò. Àwọn awakùsà pẹ̀lú ń lò ó láti mú kí omi hó, kí ìfófòó rẹ̀ lè gbé bàbà àti òjé kúrò lára òkúta lílọ̀. Kò sí èyí tí ó ṣeé mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti 1705 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń san owó ìwúrí lórí ọ̀dà páìnì tí àwọn ìletò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bá fi ránṣẹ́, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi onígi kò lè ṣe aláìní in. North Carolina ni iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, ẹrú ni ó sì ń ṣe é. Wọn a gbẹ́ ihò sí ìdí igi kí oje lè dúró sínú rẹ̀. Ihò yìí a máa sọ igi di ahẹrẹpẹ níwájú iná àti ìjì, nítorí náà bí igbó kan bá ti bàjẹ́ ni àwọn olówó iṣẹ́ a ṣí lọ sí gúúsù, títí wọ́n fi dé Georgia àti Florida. Láti 1901 ni Charles Herty, onímọ̀ kẹ́míkà, ti ń dán ife tí a ń gbé kọ́ ara igi wò dípò ihò. Igi rí ìtura. Òṣìṣẹ́ kò rí i.

Oko ẹrú ti parí ní 1865, ṣùgbọ́n inú igbó jíjìn ni ibùdó tọpẹntáìnì wà, ìsọ̀ ọ̀gá nìkan sì ni òṣìṣẹ́ ti lè ra oúnjẹ ní àwìn. Ọ̀gá ni ó ń tajà, òun kan náà ni ó ń kọ ìwé gbèsè. Ní 1901, Samuel Clyatt, oníṣòwò tọpẹntáìnì ará Georgia, wọ Florida láti mú Will Gordon àti Mose Ridley, aláwọ̀ dúdú méjì, nítorí gbèsè. A dá a lẹ́bi lábẹ́ òfin 1867 tí ó ka fífi gbèsè de ènìyàn sí ọ̀ràn. Ní 1905, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi ọwọ́ sí òfin náà, ṣùgbọ́n ó fagi lé ìdálẹ́bi Clyatt: wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé àwọn méjèèjì ti wà nínú ìdè gbèsè rí, nítorí náà a kò lè ní ó dá wọn padà sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe borí tí ọ̀daràn sì lọ.

Ǹjẹ́ ìwọ̀fà ni èyí? Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ọmọlúàbí tí ó ní òmìnira ni ìwọ̀fà, àti pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó dúró fún èlé orí owó tí a yá. A kò sọ pé ìwọ̀fà dùn; a fi ọmọdé ṣe é, ẹlòmíràn a sì pẹ́ nínú rẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ kì í dín ojú owó kù. Ṣùgbọ́n ojú owó kì í pọ̀ sí i pẹ̀lú. Iye tí a yá ni a ó san, ọjọ́ tí a bá san án ni ọ̀rọ̀ parí. Nínú igbó páìnì, bí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ ni gbèsè ń ga. Ẹrú gbèsè ni a rò pé ó yẹ kí a máa pè wọ́n.

A kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kùkùté. Ní 1920 ni ilé-iṣẹ́ Hercules, tí ń ṣe ẹ̀tù, wọ inú iṣẹ́ yíyọ epo lára kùkùté. Ní 1929 ni Harry Cole sì po Pine-Sol ní Jackson, Mississippi. Èyí tí a ń tà lónìí kò ní epo páìnì nínú mọ́.

Zora Neale Hurston lọ sí ibùdó tọpẹntáìnì ní Cross City, Florida, ní 1939, ó sì bá irú ìgbé-ayé yìí níbẹ̀ síbẹ̀. Títí di ìgbà náà ni òfin Florida fi ń ka ẹni tí ó gba owó àsansílẹ̀ tí kò sì ṣiṣẹ́ parí sí oníjìbìtì. Dọ́là 5 péré ni ó gbé ọkùnrin kan dé ẹ̀wọ̀n lábẹ́ òfin yìí. Ẹjọ́ tirẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi fagi lé e ní 1944.