Koríko Tó Kú Lábẹ́ Òrùlé

Ní Akanran, koríko kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi owó rà. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn òbí wa, irú àwọn tó jà nígbà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968, koríko sì ni ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọkọ́. Ní ilé-ìwé wa, ẹni tó bá pẹ́ dé, àdá ni wọn yóò gbé lé e lọ́wọ́ kó lọ gé e. Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà mí nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ń jiyàn lórí irú èyí tí wọn yóò fi owó tẹ́ sórí pápá wa: ṣé ti ike ni, àbí gidi, àbí èyí tó pa méjèèjì pọ̀? Mo bá lọ wádìí ibi tí koríko ike ti wá.

Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ló ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Ní 1965, wọ́n ṣí pápá ìṣeré baseball ńlá kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Astrodome, òrùlé sì bo gbogbo rẹ̀. Òrùlé náà mọ́ gaara bíi gíláàsì kí oòrùn lè máa wọlé bá koríko. Ṣùgbọ́n ìtànṣán oòrùn ń ta sí àwọn eléré lójú, wọn kò rí bọ́ọ̀lù tó bá lọ sókè. Ni wọ́n bá fi ọ̀dà kun òrùlé. Oòrùn kò wọlé mọ́, koríko kú. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé wọ́n tún fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun òkú koríko náà kí wọ́n lè parí eré ọdún yẹn! Ní 1966 ni wọ́n tẹ́ ti ike síbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní AstroTurf.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ tiwọn ní 1981. Bọ́ọ̀lù ń ta sókè jù lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣubú, ara rẹ̀ á bó. Ní 1988 wọ́n ká a kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe èyí tó rọ̀ díẹ̀, tí wọ́n ń da iyanrìn àti rọ́bà wẹ́wẹ́ sí láàárín. Koríko ike ni wọ́n tẹ́ sí Pápá Ìṣeré Teslim Balogun ní Súrùlérè, tí wọ́n ṣí ní 2007. Orí ike náà ni wọ́n ti gbá gbogbo Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ní Kánádà ní 2015, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ti pẹjọ́ pé wọn kò fi irú rẹ̀ lọ àwọn ọkùnrin rí. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n níbẹ̀ nígbà tí àwa àti Sweden ta ọ̀mì 3-3.

Èmi náà ti gbá bọ́ọ̀lù lórí ike lẹ́ẹ̀kan, nílùú, ní agogo méjì ọ̀sán nínú oṣù Kejì. Ó dà bí ẹni dúró lórí páànù. Awọ orúnkún mi tó bó níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi san.

Èyí tó pa méjèèjì pọ̀ yàtọ̀. Koríko gidi ni wọ́n ń gbìn, ẹ̀rọ á wá máa rán okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ilẹ̀ bí ẹni ń ránṣọ, yóò jìn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù okùn nínú pápá kan. Gbòǹgbò koríko á lọ́ mọ́ okùn yìí bí ìtàkùn iṣu ṣe ń lọ́ mọ́ ọ̀pá, bàtà kò sì ní lè hú u bọ̀rọ̀. Ní Ife Àgbáyé 2010 ní South Africa, irú rẹ̀ wà ní Polokwane àti Nelspruit. Super Eagles kò gbá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Nelspruit ni Côte d'Ivoire ti na North Korea ní 3-0.

Ohun tí àwọn tó ń jiyàn kò sọ ni pé koríko gidi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ gígé, ó sì ń fẹ́ ìsinmi. Àìsí oòrùn ló pa koríko Houston. Oòrùn wa pọ̀. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, koríko pápá wa á kan orúnkún láìsí ẹni tó gbìn ín. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á, àti ewúrẹ́, àti mọ́tò àwọn tó ń ṣe ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé.

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ta ni yóò máa bu omi rin ín. Mo ní kí wọ́n gba àdá lọ́wọ́ àwọn tó bá pẹ́ dé, kí wọ́n gbé korobá fún wọn.