Ẹ̀rọ Ayẹ̀wò àti Iṣẹ́ Ìwádìí: Ẹ̀kọ́ láti Bridge Head ní Onitsha

Ìfáàrà

Àyẹ̀wò kì í ṣe ohun tuntun láàrin Yorùbá. Ọlọ́bẹ̀ a máa tọ́ ọbẹ̀ wò kí ó tó bù ú fún àlejò. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni gbígbé iṣẹ́ yìí lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Lóde òní, ẹ̀rọ ń yẹ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wò kí jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àpilẹ̀kọ yìí yóò tọpa ìtàn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, yóò sì fi hàn pé ibi tí ìmọ̀ tí wọ́n kó sínú rẹ̀ bá mọ ni agbára rẹ̀ mọ. Ọjà oògùn ni àpẹẹrẹ èyí ti hàn gbangba ní Nàìjíríà.

Ẹ̀rọ ní Ọjà Oògùn

Bridge Head ni ìdí afárá odò Ọya ní ìhà Onitsha. Ọdún 1965 ni wọ́n kọ́ afárá náà parí. Ibẹ̀ ni Ogbogwu wà, ọ̀kan lára àwọn ọjà oògùn tí ó tóbi jù ní Nàìjíríà. Ayédèrú oògùn gba ibẹ̀ kan débi pé àjọ NAFDAC, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, ti ọjà náà pa ní 2007. Ní 2010, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lo Truscan, ẹ̀rọ àfọwọ́mú kan tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sí oògùn, tí ó sì ń fi bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe padà wé ti ojúlówó tí wọ́n ti kó pamọ́ sínú rẹ̀. Oògùn tí wọn kò bá kó ojúlówó rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, kò lè dá ayédèrú rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀rọ kò sì fòpin sí ìṣọ́ ènìyàn: ní oṣù Kejì ọdún 2025, NAFDAC tún ti Ogbogwu pa, pẹ̀lú ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà ní Èkó àti Ariaria ní Aba.

Ẹ̀rọ nínú Iṣẹ́ Ìwádìí

Bí ayédèrú ṣe wà nínú oògùn ni ó wà nínú ìwé. Ní 1998 ni wọ́n dá Turnitin sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa fi iṣẹ́ tuntun wé èyí tí ó wà nípamọ́, kí àṣírí ẹni tí ó jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ lè tú. Ní 2005, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ṣe SCIgen, ètò kọ̀ǹpútà tí ń kọ àpilẹ̀kọ tí kò ní ìtumọ̀. Ní 2014, ó hàn pé irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 120 ti wọ inú ìwé tí Springer àti IEEE tẹ̀ jáde. Cyril Labbé, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Faransé, ni ó tú àṣírí náà.

Ní 2015, Michèle Nuijten àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ statcheck tún ìṣirò tí ó lé ní 250,000 ṣe nínú jọ́nà mẹ́jọ tó dá lórí ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá. Bí ìdajì àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó ní àṣìṣe kan, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí ó bá tẹ̀lé ìlànà ìkọ̀wé APA nìkan ni statcheck lè kà.

Ipò Èdè Yorùbá

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan onímọ̀ Yorùbá. Láti ìpàdé Èkó ti 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, iṣẹ́ ńlá ni àwọn àgbà ṣe lórí bí a ó ṣe kọ èdè yìí sílẹ̀. Igbá, igba, ìgbà àti ìgbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà; bí ẹ̀rọ bá yọ àmì ohùn kúrò, ọ̀kan ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Bí kò bá sì yọ ọ́, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ‘ẹ́’ ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀rọ tí wọn kò kọ́ ní èyí yóò sì ka gbólóhùn kan náà sí méjì. Èyí tí ó wá burú jù ni pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí Yorùbá ṣì wà lórí bébà nìkan. Ẹni tí ó bá da irú rẹ̀ kọ, ẹ̀rọ yóò ní kò jalè. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ohun tí ó kọ́ni ni pé ojúlówó ni a ń kọ́kọ́ kó jọ kí a tó lè mọ ayédèrú. Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá gbé iṣẹ́ àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà, tí àmì ohùn rẹ̀ sì pé, ẹ̀rọ yóò ní ohun tí yóò fi wé tuntun. Títí di ìgbà náà, olóòtú àti onímọ̀ tí ó gbọ́ èdè ni oníbodè.