Òdòdó Yẹ́lò Mẹ́ta àti Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Fi Dá Wọn Mọ̀

Ẹni tó bá ń rìn ní àdúgbò Ọgbà ní Èkó, láti Ijaiye Road títí dé ẹ̀yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ní Acme Road, tó rí igi kékeré olódòdó yẹ́lò lára ògiri, tó sì béèrè orúkọ rẹ̀, “fúláwà” ni wọn yóò dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó kéré tán, igi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fúláwà yìí lè jẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì lè pa ọmọdé.

Allamanda cathartica ni èkíní, Tecoma stans ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni Cascabela thevetia, tí a mọ̀ sí olómi-òjò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Òdòdó wọn jọra. Ewé ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà fún èdè wa.

Orúkọ igi kò wọ́n wa. Ìwé Z. O. Gbile tó jáde ní Ìbàdàn ní 1984 àti ìwé Ewé tí Pierre Verger gbé jáde ní 1995 kún fún wọn. Ọ̀rọ̀ fún bí ewé ṣe tò lára ẹ̀ka ló wọ́n. Ojú ibi tí ewé ti ń yọ, oríkèé ni kí á pè é. Ẹni tó bá ti jẹ ìrèké mọ̀ ọ́n. Ti Allamanda, ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń yí oríkèé kan ká. Ẹlòmíì lè fẹ́ pè é ní ewé alágbo, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn: bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, ó di àgbo tí à ń mu, igi olóje yìí kì í sì í ṣe ohun mímu. Ewé arọ̀gbàká ni mo yàn. Ti Tecoma jẹ́ ewé akọjúsíra, méjì méjì, ewé kọ̀ọ̀kan sì tún pín sí ọmọ ewé tí etí wọn rí ṣákaṣàka bí ẹnu ayùn.

Olómi-òjò ní ewé àtẹ̀léra: ó tín-ín-rín, ó gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń yọ. Ẹ já a, oje funfun yóò sun. Òdòdó rẹ̀ kì í là gbagada bíi ti Allamanda. Èso rẹ̀ ní igun, ó sì máa ń di dúdú tó bá gbó. Oró inú kóró rẹ̀ máa ń da lílù ọkàn rú.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ń ta òdòdó létí títì, ẹ bá wa lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí ẹ tún èyí tí kò bá dùn létí ṣe. Bí ọmọ bá sì ti fi kóró olómi-òjò sẹ́nu, ẹ má ṣe rọ epo pupa fún un. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kí ẹ mú ẹ̀ka igi náà dání.