Ìyátúndé: Nígbà Tí Àgbà Fúnra Rẹ̀ Bọ́ Sójú Agbo

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú arúgbó nìyẹn. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ipò tí ijó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Èkó òde òní, ọjọ́ ìsìnkú ni ijó àti arúgbó sábà máa ń pàdé. Ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀, bí a bá ń sìnkú àgbà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kánópì a dí òpópónà, ìlù a máa ró, ọmọ àti ọmọọmọ a wọ aṣọ ẹbí, wọn a sì jó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ jó nìkan ni kò sí níbẹ̀. Kí a sọ òótọ́, àwọn mìíràn nínú wọn kò jókòó tì í fún wákàtí kan nígbà tí ó wà láyé.

Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Òṣòdì wá, tó gba ẹ̀gbẹ́ Ìsọlọ̀ kọjá, sọ̀ kalẹ̀ sí Mile 2. Láti ibẹ̀, ọ̀nà Àgbádárìgì lọ títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ó sì bọ́ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Germaine Acogny sí ní 1944. Aloopho, ìyá bàbá rẹ̀, jẹ́ Yorùbá àti olórìṣà. Láti kékeré ni Germaine ti bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Senegal. Ní 1968 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ijó sílẹ̀ ní Dakar. Láti 1977 títí di 1982 ó darí Mudra Afrique, tí Ààrẹ Léopold Sédar Senghor àti Maurice Béjart, gbajúmọ̀ oníjó ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé kalẹ̀. Ní 1998, òun àti ọkọ rẹ̀, Helmut Vogt, dá École des Sables sílẹ̀ ní abúlé Toubab Dialaw.

Fíìmù kan tí Laure Malécot ṣe nípa rẹ̀ ní 2017 ń jẹ́ Iya Tundé. Kò sí Yorùbá tí yóò nílò ògbufọ̀ fún orúkọ yìí. Ìyá àgbà lọ, ó sì tún padà wá. Nínú ijó àdájó rẹ̀, À un endroit du début, ti 2015, ìtàn ìyá àgbà yìí àti àkọsílẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ó gbé wá sórí ìtàgé.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ló yẹ kí á gbé yẹ̀ wò. Ní ilé ijó Opéra ti Paris, ẹni ọdún 42 ni oníjó í fẹ̀yìntì. Ní Paris kan náà, ní 1913, Vaslav Nijinsky gbé ijó Le Sacre du printemps jáde, pẹ̀lú orin Igor Stravinsky. Wọ́n yan ọ̀dọ́mọbìnrin kan láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì jó títí ó fi kú, àwọn àgbà ń wò ó. Iṣẹ́ àgbà níbẹ̀ ni kí ó máa wòran. Béjart ní in lọ́kàn nígbà kan rí láti fi Acogny ṣe ẹni tí a yàn yìí, ṣùgbọ́n kò wáyé. Ó di nǹkan bí ẹni 70 ọdún kí Olivier Dubois tó gbé ipò náà fún un nínú Mon élue noire. Inú àpótí kan ni ó ti dá a jó. Ọ̀dọ́mọbìnrin ti 1913 ń fi ara ṣàpẹẹrẹ ikú tí ó ṣì jìnnà sí i. Ẹni 70 ọdún kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún òun.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pàápàá, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, àwọn ìyá wa ni a ń jó o fún, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó ń wọ agọ̀; àwọn ìyá jókòó, wọ́n ń wò. Acogny bọ́ sójú agbo láìsí agọ̀.

Ní 2021, ọdún tí wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀, òun àti Malou Airaudo jọ gbé common ground[s] jáde. Acogny jẹ́ ẹni ọdún 77. Airaudo, tó ti bá Pina Bausch jó ní Jámánì láti 1973, ti lé ní 70. Kò sí fífò, kò sí ìkánjú. Ìyá méjì jókòó, wọ́n dìde, ọ̀kan fara ti èkejì. Ibí yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ dúró sí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí pé nínú òwe òkété, ọmọ ni olùtọ́jú, ṣùgbọ́n nínú ijó yìí kò sí ọmọ. Àgbà ni ó ń gbé àgbà ró. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Ìsọlọ̀ mọ́: àwọn ọmọ wà ní Kánádà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, bàbá ẹni 80 ọdún ni ó ń di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú lọ sí balùwẹ̀. Owó ń dé. Ọwọ́ kò dé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, Le Sacre tí Pina Bausch ṣe ní 1975 ni ó tẹ̀lé ijó àwọn ìyá náà, àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 30 láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ni ó sì jó o. Orí erùpẹ̀ ni wọ́n ti ń jó o. Nígbà ìsinmi, lẹ́yìn tí àwọn ìyá méjèèjì ti wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ da erùpẹ̀ sórí ìtàgé, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, àwọn ọ̀dọ́ sì fi ẹsẹ̀ lásán bọ́ sórí rẹ̀.