Onílé Ni Kò Ní Gbà

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Láyé òde òní, ibi ìjà ni a ti sábà ń gbọ́ òwe yìí. Olóṣèlú ń pa á fún alátakò rẹ̀, ìyálé ń pa á fún orogún, ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ náà ń pa á ní kóòtù. Ìhàlẹ̀ ni gbogbo wọn ń fi ṣe. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ́lé ni òwe náà kó tó di ọ̀rọ̀ oníjà. Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà tí a ṣì ń fi amọ̀ mọlé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. A ó mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kó gbẹ, ká tó gbé òmíràn lé e. Onílé tó gbọ́n á gbé ìdí ògiri sókè, á jẹ́ kí etí òrùlé nà kọjá ògiri dáadáa, á sì la ojú àgbàrá gba ibi tí kò ti ní í kan ilé. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá fi máa dé, onílé ti parí ìjà tirẹ̀. Ẹni tó dúró di ìgbà tí òjò ń rọ̀ kó tó mú ọkọ́ jáde kò kọ̀ fún àgbàrá. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́.

Ẹ tún wo apá kìíní òwe náà. Kò bú àgbàrá, kò sì pè é ní ìkà. Omi a máa wá ibi tó dagẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù wúwo rí sí pátákó, bẹ́ẹ̀ ni ikán rí sí ìwé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rinrin rí sí gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn sítáǹpù. Kò sí èyí tó máa sọ pé òun kò ní í ṣe tòun. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi òwe yìí wo ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí kékeré: ṣẹ́ẹ̀fù tí a ó to àwọn álíbọ́ọ̀mù sítáǹpù sí, ní irú ìlú bí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé ta ní ń kó sítáǹpù jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kó lọ wo inú àpótí àwọn àgbà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi òwò rìn jìnnà, dé ilẹ̀ Haúsá, dé Gold Coast, lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń kí ará ilé. Lẹ́tà tó bá ti Kùmásí wá gbé sítáǹpù Gold Coast wọ̀lú. Nígbà tí ilẹ̀ náà gbòmìnira ní oṣù kẹta ọdún 1957, orúkọ Ghana ló wá ń hàn lára rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀, ó sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ padà wálé. Lẹ́tà láti ọ̀hún dín kù, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà nínú àpótí kò sá lọ síbì kan. Àwọn Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà náà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọdún 1855 ni T. J. Bowen ti dé ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1898, ilé ìwòsàn wọn sì tẹ̀lé e ní 1907. Láàárín wọn àti Amẹ́ríkà, lẹ́tà kò yé lọ, kò yé bọ̀. Ní ti Ọ̀yọ́, Kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew's bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tíṣà níbẹ̀ ní 1896, tíṣà tí wọ́n bá sì rán lọ sí ìlú òkèèrè, lẹ́tà ló máa ń kọ nígbà náà.

Ẹni tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ti àtijọ́ mọ́ èyí tó jogún, ẹrù rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Yóò fẹ́ ní sítáǹpù Èkó ti 1874 tó ní orí Ọbabìnrin Victoria, yóò wá ti Southern Nigeria ti 1901, yóò wá èyí tí wọ́n kọ Nàìjíríà sí lára ní 1914. Lẹ́yìn náà ni yóò kan àwọn aláwòrán ti 1936 àti ti 1953. Mo fẹ́ràn pé nínú àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ gẹdú ló wà lára sítáǹpù pẹ́ńsì méjì ti 1936, igi gẹdú ló sì tún wà lára ti ṣílè kan ní 1953. Ìwé tó ń pọ́n igi lé, orí igi náà ni yóò padà wá sùn.

Ọ̀rọ̀ wíwúwo ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú, nítorí òun ni ojú àwọn ènìyàn kì í tètè rí. Ewé álíbọ́ọ̀mù kì í ṣe ewé ìwé lásán. Páálí tó nípọn ni, pẹ̀lú àwọn àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí sítáǹpù ń wọ̀. Ńlá kan nínú wọn tó bá kún lè tó kílò mẹ́ta. Ká ní ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Pátákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90 yóò gba mẹ́rìnlá, ká sì ṣẹ́ àyè díẹ̀ kù fún ọwọ́. Kílò 42 nìyẹn lórí pátákó kan ṣoṣo. Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ fojú inú wo ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì sórí pátákó nínú pálọ̀ rẹ̀, tó sì ní kó wà níbẹ̀ títí ọmọ yóò fi jáde yunifásítì.

Àárín ni pátákó ti ń tẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ti ṣírò èyí láti ọjọ́ pípẹ́, ìṣirò náà sì ya ènìyàn lẹ́nu. Bí ẹrù bá tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, tí a wá sọ gígùn pátákó di ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ló ń dà. Bí nínípọn bá sì di ìlọ́po méjì, títẹ̀ yóò dín kù di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé gígùn lọ̀tá, kí a tó máa bá igi wí. Ẹni tó gé pátákó rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 90 sí 60 kò náwó lórí igi tó dára jù, síbẹ̀ títẹ̀ rẹ̀ ti di nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí kò wọ́n. Kí káfíńtà gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó gbé e dúró ní òró lábẹ́ etí iwájú pátákó, kó fi síkúrù àti gọ́ọ̀mù dì í mọ́ ọn. Igi tó dúró ní òró kì í tẹ̀ bí èyí tó dùbúlẹ̀.

Igi kì í sì í tẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí a to ìwé sí i, ó máa tọ́ gbọnrangandan, gbogbo ilé á sì máa yìn ín. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, àárín rẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Bó bá tó ọdún méjì, bí a tilẹ̀ kó gbogbo ìwé kúrò, kò ní í padà sípò mọ́. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ló burú jù nínú èyí. Ó dán, ó mọ́ tónítóní, wọ́n á tilẹ̀ ya ara rẹ̀ bí ìrókò. Ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀ lábẹ́ ẹrù tí kò kúrò lórí rẹ̀, bí omi bá kàn án á wú bí ẹ̀kọ, síkúrù kò sì ní í dúró nínú rẹ̀ mọ́. Fún fọ́tò àti òdòdó ọ̀rá, ó dára.

Ní sọ́míìlì, igi tí wọ́n á kọ́kọ́ nà sí ẹni tí kò mọ igi ni àrère. Ó funfun, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Fífúyẹ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí igi tó fúyẹ́ sábà máa ń rọ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn àrère púpọ̀. Àfárá sàn jù ú lọ. Bí owó bá wà, ìrókò tàbí apá ni kí a wá. Méjèèjì le, ikán kì í sì í tètè rí tiwọn ṣe. Àwọn àgbà ń bẹ̀rù ìrókò nítorí olúwéré, ẹ̀mí tí wọ́n ní ó ń gbé inú rẹ̀, káfíńtà ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí òkúta tó máa ń wà nínú rẹ̀, èyí tó ń ba eyín ayùn jẹ́. Kí ẹni tó ń rà á ṣọ́ etí pákó: ibi tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo kì í ṣe ìrókò tí a ń sọ, ikán á jẹ ẹ́ bó ti ń jẹ àrère. Kí pákó náà sì gbẹ. Èyí tó tutù nígbà tí a kàn án yóò lọ́ nígbà ọyẹ́.

A lè sọ pé kí a kúkú lọ bá wẹ́dà, kó fi irin ṣe é. Irin dára, mo fara mọ́ ọn, pàápàá fún férémù. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín sùn. Ikán kò lè jẹ irin, àmọ́ ó lè gba orí irin kọjá. Á fi iyẹ̀pẹ̀ àti itọ́ mọ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ilẹ̀, á gba ẹsẹ̀ irin gòkè, á sì bọ́ sínú álíbọ́ọ̀mù láì fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ohun tí yóò gbani ni ojú tó ń ríran. Ṣẹ́ẹ̀fù tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ fún ikán. Kí ó jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ àti iná tọ́ọ̀ṣì lè wọ̀, kí pátákó ìsàlẹ̀ pátápátá ga kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà nínú agolo tí kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ nítorí èèrà.

Àlàfo ẹ̀yìn yẹn tún wúlò fún ọ̀rinrin. Ògiri búlọ́ọ̀kù a máa fa omi nígbà òjò, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹpù tí a kò tíì lò kò sì nílò ju ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lọ kó tó lẹ̀ mọ́ ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, gọ́ọ̀mù yìí kan náà á gbẹ, sítáǹpù á ká kò. Nítorí náà ni a kì í fi to álíbọ́ọ̀mù lérí ara wọn bí ìdì aṣọ: èyí tó wà nísàlẹ̀ ni yóò ru gbogbo ẹrù, ewé rẹ̀ á sì fún pọ̀. Òró ni kí wọ́n dúró, kí wọ́n fara kan ara wọn láì há. Ẹni tí oníṣọnà awọ ní Ọ̀yọ́ bá bá fi awọ bo ẹ̀yìn álíbọ́ọ̀mù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí awọ ni èébu ń kọ́kọ́ wá. Láyé àtijọ́, èéfín àdògán ló ń lé kòkòrò kúrò lára àgbàdo orí àjà. A kò lè fi ìyẹn wo sítáǹpù. Káńfọ̀ náà kò sì dára níbẹ̀, ó lè ba àpò ọ̀rá inú álíbọ́ọ̀mù jẹ́.

Bí ẹnìkan bá ní ariwo yìí ti pọ̀ jù lórí ìwé, kí ó rántí Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní 1897 ló parí ìtàn àwọn Yorùbá tó kọ. Ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ìwé náà sì sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó, ó tún ìwé náà kọ láti inú àwọn àkọ́sílẹ̀ jákujàku tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Òun náà fi tirẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi Appam ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ọdún 1921 ló jáde. Ìwé tó pé ló sọnù. Jákujàku tó wà nílé ni kò jẹ́ kí ìtàn náà run.

Ó ku àdéhùn pẹ̀lú káfíńtà. Kò ní í fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, nítorí igi òró tó ń gbé pátákó ró á pọ̀ sí i, ìsopọ̀ wọn á sì gba àkókò. Á ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é gùn, òun ló ń gbayì ní pálọ̀." Kí Bàbá má gbà. Kí ó sanwó igi òró náà, kí ó tún sọ fún un pé kí ó fi irin méjì so orí ṣẹ́ẹ̀fù mọ́ ògiri, kí ó má bàa dojú bolẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ-ọmọ bá fẹ́ gùn ún. Kí wọ́n tó gbé álíbọ́ọ̀mù kan ṣoṣo sí i, kí wọ́n kó búlọ́ọ̀kù tàbí ìrẹsì tó wúwo tó ẹrù náà sórí pátákó kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n na òwú le dandan láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí wọ́n fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín òwú àti igi. Bó bá ju mílímítà méjì lọ, káfíńtà kò tíì gba owó rẹ̀ tán.